Ìró Àdìrẹ Ìyá Rẹ

Láídé ọmọ mi,

Irọ́ ni mo pa fún ọ ní ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. A kò sin ìró àdìrẹ ìyá rẹ mọ́ ọn. Ó ní kí n fún ọ kí o fi pọn àkọ́bí rẹ, ṣùgbọ́n inú ń bí mi pé o fẹ́ Victor láìgba ìyọ̀ǹda mi, mo sì ti ìró náà mọ́ inú àpótí.

Ara mi le níbí ní Warri. Ọwọ́ kàn ń gbọ̀n díẹ̀ ni. Àwọn obìnrin ìjọ wa ní Edjeba ń fi àjákù aṣọ rán ìbora fún ilé àwọn ọmọ aláìníyàá. Wọ́n ní kí èmi máa fi ọwọ́ ṣẹ́ etí rẹ̀, kí n má baà dá jókòó sílé. Mo mú ìró náà lọ. Mo rò pé bí mo bá fi ṣe àánú, ọkàn mi á fúyẹ́. Wọ́n ti gé abala kan lára rẹ̀ rán mọ́ ìbora kí Bímbọ́lá, olórí wọn, tó bi mí ẹni tó ni ín. Mo sọ òtítọ́.

Ó ní, "Baba, abeg! Ọmọ tiyín ńkọ́, ṣé òun ní ìyá ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo tú abala náà, mo sì fi ọwọ́ rán an padà sáyè rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Ojú ìránṣọ náà kò gún, má bínú.

Mo mọ̀ pé ọmọ rẹ ti kọjá ẹni à ń pọ̀n. Bá mi kí i. Kí Victor, àna mi, tí n kò pè bẹ́ẹ̀ rí.

Ìró rẹ ló wà nínú àpò yìí. Gbà á.

Bàbá rẹ,
Àdìgún