Òpó Tí O Rì Síwájú Ilé Mi

Warroad, Minnesota,
Ogúnjọ́, Oṣù Kọkànlá.

Curtis ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí Denise ìyàwó rẹ. Mo lérò pé ara yín le, pé òtútù Minneapolis kò tíì wọ̀ yín léegun. Ara tèmi náà le. Mo ní kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo gbọ́ pé o ti ń sọ kiri pé n kò lè dá gbé mọ́.

Inú mi kò dùn sí ọ, n kò sì ní fi bò. Nígbà tí o wá lóṣù kẹwàá pé o fẹ́ bá mi tún ọgbà ṣe de ìgbà yìnyín, mo yọ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí bàbá rẹ ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí o máa wá láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ọ́. O ní, "Màmá, ẹ jókòó ti kọfí yín, ẹ jẹ́ n ṣe é." Mo jókòó. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ọ́. O gbá ewé, o gé koríko, iwájú ilé mọ́ bíi pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀. N kò mọ̀ pé fọ́tò lo fẹ́ yà lóòótọ́. Lẹ́yìn náà lo gbẹ́ ihò jíjìn kan lẹ́bàá títì, o ri òpó funfun kan síbẹ̀, o sì da símẹ́ǹtì sí i nídìí. Mo bi ọ́ pé kí ni. O ní, "Àpótí lẹ́tà tuntun la máa gbé sórí ẹ̀, Màmá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti dì, kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ ẹ mọ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo tún fi bọ́tà àti ṣúgà pa lefse mẹ́fà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí o fẹ́ràn, mo dì í fún ọ jẹ lọ́nà.

Ọjọ́ kejì ni mo jáde tí mo rí ohun tí o kò ṣe. O kò ri ọ̀pá kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọkọ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà lo ti ń bá bàbá rẹ ri ọ̀pá wọ̀nyẹn, mẹ́wàá lápá ọ̀tún, mẹ́wàá lápá òsì, kí ọkọ̀ tó ń kó yìnyín lè mọ ibi tí ọ̀nà parí sí àti ibi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀. O kò fi wáyà yí ìdí igi ápù, bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé ehoro á bó èèpo rẹ̀ jẹ. Mo ní ó rẹ ọmọ mi ni, pé wàá padà wá parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó dì. Mo dúró dè ọ́ títí ilẹ̀ fi dì.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni obìnrin kan gbé mọ́tò dé, tó gbé pátákó kọ́ sórí òpó náà. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni pé ilé yìí wà fún títà. Mo fi aṣọ ilé jáde sínú òtútù lọ bá a. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Curtis ló ní ká gbé e síta. Ó ní ẹ ti gbà láti kó lọ sílé ìtọ́jú arúgbó lẹ́yìn Kérésì." Lowell aládùúgbò wa dúró lọ́hùn-ún, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Arlys, ogójì ọdún la ti jọ ń gbé, o ò wá lè sọ fún mi pé o ń lọ?" Ojú tì mí débi pé mo sá wọlé.

Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí o kò fi ri ọ̀pá. Ta ló ń ri ọ̀pá fún ilé tí kò ní ẹni tó máa gbé inú rẹ̀? Ìwé tí mo fọwọ́ sí kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí mi, pé kí o máa bá mi fọwọ́ síwèé bí n kò bá lè ṣe é, òun lo fi fẹ́ ta ilé tí mo ti tọ́ ọ dàgbà. O kò bi mí. O mọ̀ pé màá ní rárá, ìdí tí o kò fi bi mí nìyẹn. N kò tíì bínú sí ẹnikẹ́ni báyìí rí láyé mi.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo lọ bá lọ́yà, mo fagi lé ìwé yẹn. Ẹ̀dà tìrẹ wà nínú lẹ́tà yìí. Mo ní kí obìnrin náà wá gbé pátákó rẹ̀, ó sì ti gbé e. Òpó ló kù. Lowell fà á títí, kò tilẹ̀ mì, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi yọ́ lóṣù kẹrin, tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á máa bi mí ìgbà tí mò ń kó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti Lowell fi irin àti òòlù lu ogún ihò sínú ilẹ̀ dídì. Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà wá. Ìbàdí ń dùn mí bí mo ti ń kọ èyí, ṣùgbọ́n ogún ọ̀pá ló wà nílẹ̀.

Bí o bá fẹ́ wá ṣe Kérésì, máa bọ̀. Ọ̀nà á mọ́, wàá sì rí ibi tí o máa gbà. Ṣùgbọ́n kan ilẹ̀kùn, kí o dúró síta títí n óò fi dá ọ lóhùn. Mo ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọmọ tó máa bi ọ́ léèrè kó tó ṣe ohunkóhun lórúkọ rẹ. Kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ilé mọ́ ọ lórí.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ṣì wà láàyè,
Arlys Tveit.

Àfikún: O kò já rọ́bà omi kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ìta, omi sì kún inú rẹ̀. Èmi ni mo já a tí mo dà á nù. Ká ní ó dì síbẹ̀ ni, inú ògiri ni páìpù ì bá ti bẹ́, omi ì bá sì ti ba gbogbo ìsàlẹ̀ ilé jẹ́. Ilé tí o fẹ́ tà náà, o kò mọ̀ ọ́n tọ́jú títí ẹni tó máa rà á fi máa dé.