Ojú Omi Tí Mo Dí

Màmá mi,

Ara mi le koko. Mo ti sanra débi pé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kò fẹ́ gbà mí mọ́. Ọ̀rọ̀ oorun nìkan ni kí ẹ má bi mí.

Iṣẹ́ wa níbí ni pé kí kọ̀ǹpútà wo àwòrán ilẹ̀, kó sọ ibi tí àgbàrá yóò gbà bí òjò bá rọ̀. Lánàá, ó kan àdúgbò wa. Ọ̀gá ní, "Ìwọ ọmọ ibẹ̀, ṣé ojú omi abẹ́ títì yín ṣí?" Mo ní, "Gbayawu ni, ọ̀gá. Agbo màlúù lè gba ibẹ̀ kọjá." Kọ̀ǹpútà bá kun ilé wa ní àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ.

Irọ́ ni mo pa, Màmá. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi la kó òkúta dí i nígbà tí à ń wá pápá bọ́ọ̀lù. Ilẹ̀ ti bò ó báyìí, ọwọ́ lásán kò lè tú u. Mo jẹ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá kò bú mi. Ó tún ìṣirò náà ṣe, omi inú àwòrán sì dé fèrèsé yàrá tí ẹ̀yin àti àbúrò mi ń sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n yín kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ wa náà. Ẹ sọ ohun tí mo ṣe fún wọn, kí àwọn náà lè tètè kó.

Èmi ni, ọmọ yín.