Wọ́n Ní Oúnjẹ Ìyá Ọkọ Mi Ló Ń Mú Mi Rù, Èmi Nìkan Ni Mo Mọ Ohun Tó Wà Níkùn Mi

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ìyá ọkọ mi kì í ṣe àjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, torí gbogbo ẹbí ló ti gbà pé àjẹ́ ni wọ́n, èmi tí mo sì mọ̀ pé irọ́ ni, mo dákẹ́ bí ẹni tó bomi sẹ́nu. Ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo ti bú ara mi ṣáájú yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bú mi tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi, torí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi...

Ọjà Owódé Onírin ni mo ti ń ta side mirror àti iná mọ́tò, Ìkòsì la ń gbé. Tẹ́ ẹ bá mọ Owódé, ẹ mọ̀ pé àárín irin la wà, ẹ́ńjìnnì lọ́tùn-ún, gearbox lósì, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Èmi sì sanra. Mi ò sọ pé mo lára díẹ̀ o, mo sanra gan-an ni. Àwọn ọmọkùnrin ọjà ń pè mí ní Trailer, tí mo bá ń bọ̀ wọ́n á pariwo pé ẹ yà o, ẹ yà, Trailer fẹ́ reverse. Èmi náà á fi ìyá wọn bú wọn, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ẹnu mi lọ́jà, mi kì í gbà. Ṣùgbọ́n tí mo bá délé, orúnkún á máa ro mí débi pé mi ò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi. BP mi ga, ṣúgà náà ti ń yọjú, bẹ́ẹ̀ ṣúgà yìí ló pa ìyá tó bí mi. Mo gbààwẹ̀, mo mu tíì oríṣiríṣi, mo sáré láàárọ̀ nínú estate wa títí ajá àwọn ará ilé kejì fi mọ ìrìn mi. Tí mo bá fọn díẹ̀, kò ní pẹ́ tí gbogbo ẹ̀ á padà dé pẹ̀lú èlé. Kí n má sì purọ́ fún yín, kì í ṣe torí àìsàn nìkan... mo tún fẹ́ rẹwà. Mo fẹ́ kí ọkọ mi ti ìrìn àjò dé kó rí mi kẹ́nu ẹ̀ yà.

Dókítà kan ní Island ló sọ̀rọ̀ gastric band fún mi. Ó dà bí òrùka rọ́bà, wọ́n á fi de òkè àpò oúnjẹ nínú ikùn, kí oúnjẹ díẹ̀ lè tètè máa yó èèyàn. Ihò kéékèèké ni wọ́n máa dá, wọn ò ní la ikùn gbalaja. Mo ní mo ti gbọ́, mo ti ṣe tán. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọkọ mi ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀bẹ ò ní kan ara ìyàwó òun. Ẹ má dá a lẹ́bi o. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló lọ ṣe surgery fáíbrọ́ìdì tí ò jí mọ́. Ìyá wọn, Mummy là ń pè wọ́n, ojú wọn ló ṣe. Títí dòní, tí mọ́tò bá gbé wọn gba iwájú ọsibítù ńlá, wọ́n á di ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Mummy sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi ni wọ́n ti wá láti Ṣakí, wọn ò padà mọ́. Àwọn ló wẹ̀ gbogbo ọmọ mi, àwọn ló ń dáná, torí ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó lè lọ fún oṣù mẹ́ta kó má fojú kan ilé, èmi náà sì ti máa ń wà lọ́jà látàárọ̀.

Ẹ wá wo bí irọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ surgery, dókítà ní kí n jáwọ́ nínú iyán, ìrẹsì, búrẹ́dì àti òróró fún ìgbà díẹ̀, pé ẹ̀dọ̀ mi ti sanra, ó gbọ́dọ̀ súnkì kí wọ́n tó lè ríbi gbà. Mo sọ fún Mummy pé mò ń gbààwẹ̀ nítorí ọjà. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, ìyẹn ò dájà sílẹ̀ rí láàárín wa. Ṣé ẹ mọ̀ pé Mummy bá mi gba ààwẹ̀ yẹn? Wọ́n ní ọjà tó ń bọ́ gbogbo ilé, ẹnì kan ò lè dá ààwẹ̀ ẹ̀ gbà. Àgbàlagbà ń febi panú nítorí ẹ̀dọ̀ mi! Dókítà tún bi mí pé ta ló ń dáná nílé, ó ní ẹni yẹn gbọ́dọ̀ mọ̀, torí bí mo ṣe ń jẹun máa yí padà pátápátá. Mo wo ojú ẹ̀ kòrókòró, mo ní èmi fúnra mi ni mò ń dáná. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, mo ní Kùtọnu ni mò ń lọ, mo fẹ́ lọ kó ọjà. Mummy gbàdúrà lé mi lórí, wọ́n di mọ́ínmọ́ín fún mi pé kébi má pa mí lọ́nà. Gateman ọsibítù ni mo gbé mọ́ínmọ́ín yẹn fún.

Surgery yọrí sí rere, mo dúpẹ́. Mo padà sílé, mo ní oúnjẹ Kùtọnu ló ń dà mí nínú rú, omi ọbẹ̀ àti ògì nìkan ni mo lè mu. Mummy ṣe é fún mi, wọn ò bèèrè ohunkóhun. Ìgbà tó yá, dókítà ní kí n bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ gidi, ṣùgbọ́n kí n máa bù ú kékeré bí èékánná ọmọdé, kí n máa rún un lẹ́nu títí á fi domi, kí n má sì mumi sí i. Ẹ gbọ́ mi o... ta ló ń rún iyán lẹ́nu? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, gbígbé là ń gbé òkèlè mì. Iyán Mummy sì rèé, iyán Ṣakí, ó ń fà bíi gọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rún un, Mummy wò mí títí. Wọ́n ní ṣé òkúta wà nínú ẹ̀ ni, àbí kò kúnná. Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbé e padà sínú odó, wọ́n tún un gún. Ojú tì mí débi pé mi ò lè rún un mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó máa lọ há síbi òrùka yẹn, àyà á máa dùn mí, itọ́ á kún ẹnu mi, ó di kí n sáré wọ ilé ìwẹ̀ lọ bì í.

Ibi tí mo ti hùwà ìkà nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, bí dókítà ṣe ní kí n jẹun ni mo ń jẹ ẹ́. Màá tilẹ̀kùn, màá jẹ ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ tàbí ẹyin, díẹ̀díẹ̀, kò sì ní ṣe mí ní nǹkan kan. Ilé nìkan, níwájú Mummy, ni mo ti ń ṣe bíi pé ara mi dá ṣáṣá, kí wọ́n má baà fura. Nítorí náà oúnjẹ Mummy nìkan ni mò ń bì. Mo sì ń rù. Aṣọ ń bọ́ lára mi. Wọn ò pè mí ní Trailer mọ́ lọ́jà, wọ́n ń béèrè jẹ́jẹ́ pé madam, ṣé kò sí nǹkan o.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Aunty Bùnmi, wá kí mi láti Kétu lọ́jọ́ Sunday kan. Ojú wọn ni mo ṣe dìde nídìí iyán tí mo lọ bì. Wọ́n bá mi dé ilé ìwẹ̀, wọ́n wo egungun ọrùn mi, wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí n jókòó sí parlour, wọ́n pe ọkọ mi lórí fóònù, wọ́n fi sí speaker. Mummy jókòó síbẹ̀, omi ìfọwọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Aunty Bùnmi bi mí pé ṣé oúnjẹ Mummy ni mò ń jẹ tí mo fi ń bì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹ oúnjẹ ibòmíràn tí mo bì í rí. Mo ní rárá. Òótọ́ méjèèjì ni. Ẹ wò ó, mi ò purọ́ lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ méjì ni mo fi ba orúkọ ìyá oníyàá jẹ́. Ọkọ mi ní lórí fóònù pé kí Mummy ṣì sinmi ilé ìdáná ná. Mummy ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn ní ó ti dáa.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ògì wá bá mi nínú yàrá. Wọ́n kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì mi... ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ fún mi... wọ́n kọ́kọ́ mu nínú ẹ̀ lójú mi, wọ́n ní kí n rí i pé àwọn ti mu ún, kí n wá mu. Ògì sì rèé, omi lásán, kò lè há. Mo mu ún, ó dúró. Mummy jókòó tì mí, wọ́n ń ṣọ́ ẹnu mi bí ìgbà tí èèyàn ń ṣọ́ mílíìkì lórí iná. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò bì, inú wọn dùn, wọ́n ń pe Ọlọ́run, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá itan, wọ́n ní ó dúró, ó dúró! Ẹ̀yin èèyàn, ẹnu mi ti là. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé orí ahọ́n mi. Mo kàn ní ẹ ṣeun Mummy. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti di ẹrù wọn lọ sí Ṣakí.

Ọkọ mi dé lẹ́yìn ìyẹn. Ẹnu ẹ̀ yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà á. Lóru ọjọ́ kan, ọwọ́ ẹ̀ kan kókó kan lábẹ́ awọ ikùn mi, ibi tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ láti fi omi sí band yẹn. Mo ní eéwo ni. Ó ní eéwo kọ́, pé wọ́n ti gbé nǹkan sí mi lára. Láti ọjọ́ náà kò pe ìyá ẹ̀ mọ́. Tí Mummy bá pè é, á na fóònù sí mi pé kí n dá wọn lóhùn, á jáde síta.

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa mọ o. Mo ń sọ fún ara mi pé tó bá yá, ara mi á mọ́ band yìí lára, màá ní kí Mummy padà wá, gbogbo ẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Irọ́ ni. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Mile 12, ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mummy ti ṣa òrí àti kànìnkànìn jọ, wọ́n fẹ́ wá wẹ ọmọ. Ìyàwó yẹn ní láéláé, pé òun ti gbọ́ ohun tí wọ́n fi èmi ṣe, kí wọ́n má tẹsẹ̀ bọ ilé òun. Wọ́n máa sọ ọmọ lórúkọ ní Saturday yìí, wọ́n ní kí ìyá tó bí bàbá ọmọ má wá. Ìyàwó yẹn tiẹ̀ pè mí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ọlá mi lòun jẹ tóun fi mọ̀.

Àná ni Mummy pè mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ṣépè ni, inú mi ì bá dùn ká ní wọ́n ṣẹ́ ẹ. Wọ́n béèrè pé ṣé mo ti ń jẹun. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn fẹ́ bi mí, kí n má tan àwọn, torí èmi ni mo jẹ oúnjẹ àwọn jù. Wọ́n ní ṣé ó ṣeé ṣe kí èèyàn máa ṣe ibi kóun fúnra ẹ̀ má mọ̀? Wọ́n ní àwọn ti ń rò ó láti ìgbà tí àwọn ti dé Ṣakí, pé bóyá ọwọ́ àwọn ni ò dáa, bóyá ọwọ́ yẹn náà ló pa ọmọ àwọn tó kú sọ́dọ̀ dókítà, torí àwọn ló se oúnjẹ tó jẹ gbẹ̀yìn. Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ò ní wá wẹ ọmọ yẹn, àwọn ò tiẹ̀ ní gbé ọmọ kankan mọ́ láyé àwọn. Wọ́n ní kí n rò ó dáadáa kí n tó dáhùn, àwọn á pè padà lálẹ́ òní.

Tí mo bá jẹ́wọ́, ọkọ mi á lé mi, mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe torí ọ̀bẹ mọ́, torí ìyá ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi á fi mí ṣe ẹni ìtìjú ní gbogbo Kétu. Ṣé Mummy ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, àbí ọkọ mi? Ṣé kí n dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, bó ṣe jẹ́ pé níwájú èèyàn ni mo ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́? Àbí orí fóònù lálẹ́ yìí ni? Mi ò lè jẹun látàná, kì í sì í ṣe band ló fà á. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Obìnrin yẹn máa pè mí láìpẹ́ láti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun ló pa ọmọ òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn... kí lọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu mi?