Ìtọ̀ Mi Mọ́, Wọ́n Ní Àmì Jẹjẹrẹ Wà Nínú Ẹ̀

Bàbá mi tí mi ò tíì bá jà tán,

Ọ̀rọ̀ kan dé tí mi ò mọ ẹni tí mo lè bi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń da yín láàmú níbi tẹ́ ẹ wà. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ mi, èsì ní àmì jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀. Wọ́n tún ya àwòrán inú mi, àwòrán ní kò sí nǹkan kan. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ẹ jẹ́ n tò ó kó yé yín. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ yẹn náà ni mo ṣì wà, ní Ìlúpéjú, níbi tẹ́ ẹ fi mí sí kẹ́ ẹ tó kú. Yàrá tí wọ́n ti ń wọn páúdà aró ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà kan wá fún gbogbo wa ní ike kékeré pé ká tọ̀ sí i. Wọ́n ní ẹni tó bá ń fa páúdà yẹn símú fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ní jẹjẹrẹ lójú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà kúrò nínú kíndìnrín lọ sí àpò ìtọ̀. Ibẹ̀ yẹn gan-an ló pa yín. Ẹ̀yìn dídùn lẹ̀yin ń pè é.

Nọ́ọ̀sì tó gba ike lọ́wọ́ mi, ọmọ Èkìtì kan, ṣàlàyé pé jẹjẹrẹ máa ń já ara ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ìtọ̀, ohun tó ń já sílẹ̀ yẹn ni àyẹ̀wò ń wá. Ó lè rí i kí àwòrán tó rí i. Ó sì tún lè purọ́. Mo ní, “Sísítà, àyẹ̀wò tó lè purọ́, kí lẹ fi ń ṣe?” Ó ní, “Àǹtí, ọkọ yín náà ń purọ́, ẹ ṣì ń gbé pẹ̀lú ẹ̀.” Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Ohun tó dà mí lọ́kàn rú jù nìyí. Ìtọ̀ tiyín pọ́n, ẹnikẹ́ni ò sá. Tèmi mọ́ bíi píọ̀ wọ́tà, wọ́n ní kí n máa bẹ̀rù.

Ṣé àwa la ò gbọ́n ni? Níbi iṣẹ́ yẹn, ẹni tó bá wà nídìí aró pupa ń tọ̀ pupa. Ẹni tó wà nídìí yẹ́lò ń tọ̀ yẹ́lò. Ẹ máa ń fi pa wá lẹ́rìn-ín nílé, pé ẹ̀yin ọkùnrin á yọjú wo ara yín níbi ìtọ̀, ẹnì kan á ní, “Àlàájì, ẹ ti yí ẹ̀rọ padà nìyẹn?” Nígbà tí tiyín pọ́n, ta ló fẹ́ fura? Ṣùgbọ́n wọ́n gbé yín lọ sídìí aró búlúù, Bàbá. Ẹ pẹ́ níbẹ̀, ìtọ̀ yín ṣì ń pọ́n. Ẹ ní pupa àtijọ́ ló ṣì ń ṣàn jáde. Fóòmàn yín ní bẹ́ẹ̀ ni, pé aró pupa lágídí. Ẹ̀jẹ̀ lẹ ń pè ní aró.

Mo bínú sí fóòmàn yẹn. Mo bínú sí ẹ̀yin náà. Àbí ẹ mọ̀, tẹ́ ẹ kàn ń fi wá lọ́kàn balẹ̀? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi máa ń bu omi kún omi sí ilé ìtọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹlòmíì wọlé?

Àti mílíìkì yẹn. Wọ́n ń fún yín ní agolo mílíìkì, pé ó ń fọ páúdà kúrò nínú. Ẹ ò mu ún. Ẹ ń kó o sápò wálé fún mi, ẹ á fi ìṣó lu ihò méjì sí i, ẹ á jókòó máa wò mí bí mo ṣe ń fà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé oògùn yín ni mo mu. Nọ́ọ̀sì yẹn ní mílíìkì ò fọ nǹkan kan, pé ìbòmú ló yẹ kí wọ́n fún yín. Ó yẹ kára tù mí. Kò tù mí. Ta ló pa irọ́ yẹn fún yín? Wọ́n ṣì ń fún àwa náà ní mílíìkì.

Ní báyìí, dókítà fẹ́ ti kámẹ́rà tín-ín-rín láti ìsàlẹ̀ ara mi gòkè dé kíndìnrín, kó fi ojú ara ẹ̀ wò ó. Fóòmàn yín, tó ti di máníjà, ní kí n má lọ. “Ìwọ ọmọ yìí, ò ń jẹ, ò ń sùn, ìtọ̀ ẹ mọ́. Kí lò ń wá kiri?”

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ bá bàbá mi wo tiwọn. Ẹ má bá mi wo tèmi.”

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí. Tí wọ́n bá rí nǹkan, àyẹ̀wò ò purọ́, ó ti wà lára mi nìyẹn. Tí wọn ò bá rí i, ó lè jẹ́ pé kò sí, ó lè jẹ́ pé ó ṣì kéré jù. Mo bi dókítà pé èwo ni. Ó ní òun ò mọ̀, àfi ká wò ó. Mo fẹ́ bú u, àmọ́ mo rántí pé kò sẹ́ni tó sọ fún yín rí pé òun ò mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà fún un.

Èmi ọmọ yín tẹ́rù ń bà, tó sì fẹ́ràn yín gan-an.