Tapólì Tí A Fi Bo Ẹ́ńjìnnì

Ilé Akíndé,
Erékùṣù Topo,
Àgbádárìgì.
Ogúnjọ́ Oṣù Kẹrin, 1977.

Sewanu, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Warri níbẹ̀? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹ kú iṣẹ́ epo rọ̀bì o. Ara ìyá rẹ le, wọ́n ṣì ń yan ẹja, wọ́n sì ṣì ń bú gbogbo wa. Èmi náà wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdojúbolẹ̀ ni mò ń sùn, torí iná ti jó mi lẹ́yìn. Dosu àbúrò rẹ ló ní kí n bá òun kọ ìwé yìí, nítorí wọ́n ti di ojú rẹ̀ méjèèjì ní ọsibítù.

O rántí ọkọ̀ ojú omi tí a jọ kàn fún eré ìje kó o tó lọ. Lọ́dún yìí a rí onígbọ̀wọ́ fún un, Alájì Sirajudeen tí wọ́n ń ta sìmẹ́ǹtì ní Morogbo. Àwọn ló ra bẹntiróòlù àti aṣọ wa, wọ́n kun ọkọ̀ ní ọ̀dà pupa, àmọ́ wọ́n ní orúkọ tiwọn nìkan ni kí ojú rí. Ọ̀dọ̀ Mákánjú tó ń ta ẹ́ńjìnnì ní Àjàṣẹ́ la sì ti gba ẹ́ńjìnnì. Òun náà ní a kò gbọdọ̀ bo orúkọ ṣọ́ọ̀bù òun tó wà lára rẹ̀. Mo dá àwọn méjèèjì lóhùn pé kò sí wàhálà. Òmùgọ̀ ni mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tí Alájì ti jókòó sétí ọ̀sà láti wo ìje, mo ní kí Dosu, tí í ṣe mẹkáníìkì wa, fi tapólì bo ẹ́ńjìnnì kí wọ́n má baà rí orúkọ Mákánjú. Ó ní kò ní rí atẹ́gùn, yóò gbóná jù. Mo ní kó dè é, kó yé bá mi jiyàn. Ó dè é.

Àwa la wà níwájú nígbà tí tapólì gbiná. Iná ran bẹntiróòlù, ó bú gbàmù, aṣọ sì lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn kí n tó bẹ́ sódò. Kí n tó lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté, àwọn èèyàn Mákánjú ti kọ lu àwọn èèyàn Alájì nítorí orúkọ tí a bò. Ìgò ń fò. Wọ́n ṣá ọkùnrin kan ládàá lórí, wọ́n fi ìdákọ̀ró fọ́ ẹsẹ̀ òmíràn, wọ́n sì fi àáké la ohun tó kù nínú ọkọ̀ wa sí méjì. Orí ẹ̀jẹ̀ là ń rìn.

Dosu ló sáré wọ omi wá fà mí jáde. Sewanu, ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo rí i kedere, mo mọ̀ pé òun ni. Mo gbá àjẹ̀ kan mú, mo là á mọ́ ọn lójú, mo sì tún là á lẹ́ẹ̀kejì. Mò ń pariwo pé òun ló de tapólì.

Ojú òsì ti lọ. Dókítà kò tíì lè sọ nípa ti ọ̀tún. Láídé ìyàwó rẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá fún mi lójoojúmọ́, ó ń dúpẹ́ pé mo dúró ti ọkọ òun.

Ohun tí Dosu ní kí n kọ sí ọ kò gùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ pé n kò rí ẹni tó lù mí."

Mo ti kọ ọ́ bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n ó rí mi.

Bá mi kí Sẹ̀míyọ̀ àti gbogbo ará Topo yòókù tó wà lọ́dọ̀ yín. Bó o bá ń bọ̀ wá bá mi, Topo náà ni mo wà, n kò ní sá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bó o bá ṣì fẹ́ kí n jẹ́ bẹ́ẹ̀,
Abọ́dúnrìn