Àyè Mi Lórí Bẹ́ǹṣì

Ẹ kú ilé o, màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo sì kí bàbá mi níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín pé láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, kí ni mò ń kọ lẹ́tà fún, nígbà tí mo lè wọ mọ́tò wálé kí oúnjẹ yín tó jinná. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni mi ò lè sọ lójú yín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà lè yí i padà mọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ríṣẹ́ sí Alágbàká ní Àkúrẹ́ níbí, gbogbo Sátidé ni mò ń wálé, kí n lè bá yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin lẹ ní ibi tí mò ń gbé ló yẹ kí n ti máa jọ́sìn. Fíkà ìjọ wa nílé kọ lẹ́tà fún mi, kí ìjọ tí mo bá yàn lè kọ orúkọ mi sínú ìwé tiwọn. Ẹ bi mí lórí fóònù bóyá mo ti fún wọn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ ní mo ti wọ ẹgbẹ́ akọrin.

Irọ́ ni, màmá. Ẹ má bínú. Inú Bíbélì mi ni lẹ́tà náà wà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ tí mo bá fún ìjọ mìíràn, wọn á pa orúkọ mi rẹ́ nílé. Bọ̀dé àbúrò mi sì ti sọ fún mi pé báàgì yín lẹ fi ń gba àyè mi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n á ní kí àlejò dìde, màá dìde. Wọ́n á kọrin káàbọ̀ fún mi, wọ́n á bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n á fún mi ní bisikíìtì. Mo tiẹ̀ lọ dé Ìjù lẹ́yìn ìlú. Níbi iṣẹ́, ẹ káàárọ̀, ó dàárọ̀ ni. Tí òjò bá ń rọ̀, èmi àti ògiri la jọ ń wo ara wa. Ìbọwọ́ yẹn nìkan ni ọwọ́ èèyàn tó ń kàn mí. Mo dá wà gan-an.

Sọ́ńdè tó kọjá, mo gbàgbé pé mo ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kan rí. Bí mo ṣe dìde, ìyá àgbà kan tó ń fi àyè ìjókòó hàn èèyàn wá bá mi, wọ́n rọra sọ pé mo ti jẹ bisikíìtì àwọn nígbà ìkórè. Ojú tì mí, mo fẹ́ sá jáde. Wọ́n fà mí lápá lọ sí bẹ́ǹṣì tiwọn, wọ́n gbé báàgì wọn kúrò, wọ́n ní àyè ọmọ àwọn tó wà lókè òkun ni, kí n jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní tí mi ò bá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn máa wá mi dé ilé. Mo sunkún títí ìsìn fi parí, mo sì fi lẹ́tà náà lé wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé báàgì yín kúrò. Ọmọ ẹlòmíì lè wà ní Oǹdó tó ń wá ibi tó máa jókòó sí.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dé àti àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́.

Ọmọ yín náà ṣì ni mí,
Fúnmi.