Bàtà Irin Ẹsẹ̀ Ọ̀tún

Èmi, Alden Royce Tuttle, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ọkọ olóògbé Opal, àgbẹ̀ alágbàdo àti onípápá ìje alùpùpù lẹ́yìn ìlú Peoria ní ìpínlẹ̀ Illinois, ni mo ń sọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ yìí pẹ̀lú orí pípé. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú mi. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, dókítà ní kí n ka oṣù méjèèjìlá láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Mo kà wọ́n tán, mo sì fi orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ìje alùpùpù láti ogójì ọdún sẹ́yìn lé e, títí ó fi bẹ̀ mí pé ó ti tó. Ìwé ìpíngún yìí pa gbogbo èyí tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, pàápàá èyí tí mo fi ìbínú kọ.

Ìpín Kìíní. Mo yan lọ́yà mi, Ìyáàfin Bernadine Kropp, láti mú ìwé yìí ṣẹ. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi ìtàn kún ìwé òfin. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo fẹ́ kú, kì í ṣe òun.

Ìpín Kejì. Ilé, abà, katakata méjèèjì àti igba éékà ilẹ̀ àgbàdo di ti ọmọ mi ọkùnrin, Wendell. Wendell kò fẹ́ràn alùpùpù rí. Ó gùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Dádì, ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù," ó sì padà sídìí adìyẹ rẹ̀. Inú bí mi nígbà náà. Lónìí mo mọ̀ pé àgbẹ̀ tó dára jù mí lọ ni, àti pé òun ni kò jẹ́ kí ebi pa wá ní gbogbo ọdún tí mo fi ń jẹ eruku kiri. Ṣùgbọ́n éékà méjìlá tí pápá ìje wà, tí ó ti ń wò tipẹ́ pé ẹ̀wà sóyà á ṣe dáadáa níbẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Má bínú, Wendell. Kà dé Ìpín Karùn-ún.

Ìpín Kẹta. Ìbaaka mi, Duchess, tí ó máa ń kẹ̀yìn sí ẹnikẹ́ni tó bá tan ẹ́ńjìnnì, di ti Wendell pẹ̀lú. Ìwà wọn bára mu.

Ìpín Kẹrin. Ìwé àkọsílẹ̀ mi mẹ́ta di ti ilé-ìkàwé ìlú. Ogójì ọdún ni mo fi kọ orúkọ olùdíje àgbáyé kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń wádìí ibi tí ó ti kọ́kọ́ gun alùpùpù. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan ni mo kọ: eruku, fún pápá ilẹ̀ lásán; ọ̀dà, fún títì ọlọ́dà; tàbí òkìtì, fún òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń fò. Àwọn ọmọ eruku kì í bẹ̀rù táyà tó ń yọ̀, torí inú ìyọ̀ ni wọ́n dàgbà sí. Àwọn ọmọ ọ̀dà mọ ibi tí a ti ń tẹ bíréèkì dé ìwọ̀n àtàǹpàkò, ojú wọn sì ti dé kọ́nà kejì kí alùpùpù tó jáde nínú àkọ́kọ́. Àwọn tó fi òkìtì fífò bẹ̀rẹ̀ lè já bọ́ látòkè kí wọ́n sì máa bá eré lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Mo kí gbogbo wọn, mo yọ fìlà fún wọn.

Kì í ṣe ìyìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà o. Mo ti kọ ọ́ sára abà mi pẹ̀lú ọ̀dà funfun pé: Ẹni tí kò bá jẹ eruku, kò níí gba ife. Mo fẹ́ kí àkọsílẹ̀ jẹ́rìí sí i. Àkọsílẹ̀ ló sọ mí di òpùrọ́. Àwọn tó ga jù níbẹ̀ ni àwọn tí mo ní láti kọ ọ̀rọ̀ méjì síwájú orúkọ wọn.

Ìpín Karùn-ún. Pápá ìje, ibùjókòó òǹwòran àti ọkọ̀ omi tí a fi ń bomi rin ín di ti ọmọ mi obìnrin, Corliss.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí mo gbé e lé alùpùpù kékeré. Apá òsì nìkan ni a máa ń yí sí ní pápá wa, bíi ti gbogbo pápá eléruku nílẹ̀ yìí. Nítorí náà, irin pẹlẹbẹ kan máa ń wà lábẹ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì wa, torí ẹsẹ̀ òsì ló ń wọ́ nílẹ̀ ní kọ́nà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kì í ní tirẹ̀. Corliss mọ̀ ọ́n gùn jù mí lọ kí ó tó pé ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, wọ́n mú un fún ìdíje àgbáyé lórí títì ọlọ́dà. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló ṣubú lọ́dún àkọ́kọ́. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ní kọ́nà apá ọ̀tún ni.

Ó wálé fún Kérésìmesì, òun àti ẹni tí wọ́n jọ ń díje, Teo Galindo, ará Fresno, tí ó kọ́ṣẹ́ lórí ọ̀dà ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn ilé ìtajà kan. A ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Corliss sọ pé, "Dádì, ẹ̀gbẹ́ kan péré lẹ kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, torí òótọ́ ni. Teo ni mo kọjú sí: "Ìwọ ọmọ ọ̀dà yìí, ṣé o ti gbóòórùn eruku rí?"

Ó ní, "Mo ti gbóòórùn ẹ̀, sà. Corliss kì í fọ bàtà ẹ̀."

Wendell rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi há a lọ́fun. Èmi ní kí Teo jáde nílé mi. Corliss dìde, ó bá a jáde. Ọdún mọ́kànlá rèé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo rí Corliss lórí tẹlifíṣọ̀n. Òjò ń rọ̀, àwọn ọmọ ọ̀dà ń ṣubú níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní kọ́nà tó gbẹ̀yìn, tí ó jẹ́ apá ọ̀tún, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀. Ọwọ́ tí eruku kọ́ ló fi dì í mú. Ojú tí ọ̀dà kọ́ ló fi rí ọ̀nà jáde. Òun ló ṣe ipò kìíní. Mo pariwo débi pé Duchess dá mi lóhùn láti inú abà. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Nígbà tí ó ní "Hẹ́lò?", mo pa fóònù. Inú mi dùn, ojú sì ń tì mí, ìtìjú ló borí.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni pápá mi ti ń yí sí apá ọ̀tún ní gbogbo Ọjọ́rú. Lyle Oberg, aládùúgbò mi, dúró lẹ́nu ọgbà, ó ní, "Tuttle, ṣé kì í ṣe pé orí ẹ ti yí báyìí?" Mo ní kí táyà lè jẹ ilẹ̀ dọ́gba ni. Irọ́ ni. Corliss, nítorí rẹ ni.

Ìyáàfin Kropp ti kọ ọ́ síbí pé bí Corliss kò bá wálé láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí mo bá kú, kí pápá di ti Wendell. Mo ti fi gègé pa á rẹ́. Òfin tí mo ti ṣe fún ọmọ yìí ti tó.

Ìpín Kẹfà. Mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún Teo Galindo. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ló gbọ́ pé pápá kan wà ní Illinois tó ń yí sí ọ̀tún, ó sì wá wò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí táyà. "Bàbá Tuttle, torí Corliss ni, àbí?" Mo ní torí ilẹ̀ ni. Ó ní, "Ilẹ̀ kẹ̀!" Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má sọ fún Corliss. Òfin ní ẹni tó bá jogún kò gbọdọ̀ jẹ́rìí sí ìwé ìpíngún. Teo, orúkọ rẹ nísàlẹ̀ ìwé yìí wù mí ju kí n fún ọ ní katakata lọ.

Ìpín Keje. Àpò oúnjẹ Duchess kan kọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn abà. Bàtà irin kan wà nínú rẹ̀, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìwọ̀n ẹsẹ̀ Corliss. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jó irin rẹ̀ kí ó tó gún, torí ọwọ́ mi ń tẹ̀ ẹ́ sí òsì ṣáá. Kí Ìyáàfin Kropp gbé e fún un lẹ́yìn ìsìnkú mi.

Àfikún, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Teo ka ìwé yìí kí ó tó fọwọ́ sí i. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Ohùn kan ní "Hẹ́lò?" Mi ò pa á. Corliss ń bọ̀ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀.

Nítorí náà mo fagi lé Ìpín Keje. N ó gbé bàtà náà fún un fúnra mi.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Ọ́kítóbà, ọdún 2019.

Alden Royce Tuttle

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Lyle Oberg, aládùúgbò
Teodoro Galindo, ọmọ ọ̀dà